Ọkọ̀ oní-táábò mi ń jẹ ọ́ìlì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí mo rà, oní-pẹtiróòlù 1.4 tí ó ní táábò (ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì), ń jẹ ọ́ìlì lítà kan lóṣù, èéfín aláwọ̀ aró sì ń tú jáde tí mo bá ṣíná sí i láàárọ̀. Mẹkáníìkì mi ní kí n fi ẹ́ńjìnnì tí kò ní táábò rọ́pò rẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn 1: Ẹ má tíì yọ ẹ́ńjìnnì kankan. Ọ̀pá inú táábò lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà láàárín irin àti irin ni kò jẹ́ kí ó jẹ ara rẹ̀, nítorí náà bí ọ́ìlì bá dọ̀tí tàbí tí ó dín, táábò ló máa ń tètè jìyà rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ tú páìpù afẹ́fẹ́, kí ẹ fi ìka méjì mì orí ọ̀pá náà. Kò burú bí ó bá mì díẹ̀, àfi bí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá ń ha ara ilé rẹ̀.

Ìdáhùn 2: Ẹ yẹ PCV (fáàfù tí ń dá afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ẹ́ńjìnnì padà lọ jóná) wò pẹ̀lú, nítorí bí ó bá bàjẹ́, ọ́ìlì lè gba ibẹ̀ lọ jóná. Èmi ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000 kìlómítà (ìwé ọkọ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ro ti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó mọ́ ọn), bí mo bá sì sáré dé láti Ìbàdàn, mo máa ń jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú kan kí n tó pa á.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun. Mo ti mì ín, kò ha nǹkan kan. Ládípọ̀ ni mo ń lọ báyìí láti wá PCV.