“Ṣé bàbá ẹ ti kú ni?”

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ní àwọn adájọ́ ìdíje orin orí tẹlifíṣọ̀n ló já òun kulẹ̀. Ẹ̀yin ará, èmi ò tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ adájọ́ kankan.

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti wà lórí ìlà ní Ìkẹjà, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mi láyà. Ohun tí tẹlifíṣọ̀n kì í fi hàn yín ni pé àwọn gbajúmọ̀ orí àga yẹn kọ́ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ohùn èèyàn. Yàrá kékeré kan ni, àwọn ọ̀dọ́ méjì, tábìlì kan. Ẹ ò ní tíì kọ ẹsẹ orin kan tán tí wọ́n á fi ní ó tó.

Mo kọrin. Arábìnrin tó mú bírò ní ohùn mi dáa. Ó wá ní, “Kí ni ìtàn ẹ?” Mo ní láti kékeré ni mo ti ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní rárá, ìyà tí mo ti jẹ lòun ń bèèrè. “Ṣé bàbá ẹ ti kú ni?”

Háà! Bàbá mi tó ń ta táyà n'Íbàdàn, tó fún mi lówó ọkọ̀ lánàá! Mo ní ó wà láàyè, màmá mi náà wà. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ní, “A máa pè ẹ́.” Títí dòní.

Ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà, tá a jọ pín búrẹ́dì jẹ, òun ni mo rí lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tó ń sunkún ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ìyá tó pè é lórí fóònù níṣojú mi, tó ń bi í bóyá ó ti jẹun! (Ká sòótọ́, ohùn ẹ̀ dùn ju tèmi lọ.)

— Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tán. Ti ìbò ni tiwa. Ìyá ìyá mi ń ra káàdì fóònù lóríṣiríṣi láti fi dìbò fún ọmọ kan tó ń kọrin Yorùbá. Nígbà tí wọ́n kéde ẹlòmíì, Màmá ní wọ́n rẹ́ ọmọ náà jẹ. Mo ní, “Màmá, ẹ má bínú. Omawumi náà ṣe ipò kejì lẹ́yìn Timi Dakolo nínú ìdíje orin Idols West Africa lọ́dún 2007, ẹ ṣá ń gbọ́ orin ẹ̀.” Wọn ò dá mi lóhùn. Ni mo bá ṣèèṣì sọ ti South Africa lọ́dún 2009: Jason Hartman ni Idols wọn kọ́kọ́ kéde, kí wọ́n tó rí i pé àwọn ìbò kan kò wọnú kíkà. Bí Sasha-Lee Davids náà ṣe di olúborí nìyẹn, tí àwọn méjèèjì jọ gbà á.

Màmá dìde jókòó. “Ẹn-ẹ́n! Pè wọ́n. Kí wọ́n tún tiwa náà kà.”