Ara ọkọ mi kọ edé, Salvador la sì ń lọ. Kí ni ká jẹ níbẹ̀?

Ọmọ Alákàrà:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Nínú oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀ yìí, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń lọ sí Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní Bràsíìlì. Iṣẹ́ ló ń gbé wọn lọ, èmi kàn tẹ̀lé wọn ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la máa lò.

Láti kékeré mi ni ìyá mi ti ń dín àkàrà ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Owó àkàrà ló rán mi níwèé. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò nílẹ̀ wa ṣì ń dín àkàrà lójú títì níbẹ̀ títí dòní, ṣe ni wọ́n wá ibi jókòó sí. Wọ́n ní bí mo bá débẹ̀, kí n jẹ ẹ́, kí n sì wo bí wọ́n ṣe ń po ó. Ẹ rí i pé mi ò lè jẹ búrẹ́dì àti ẹyin òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n wá padà sílé láìní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ara ọkọ mi kọ edé. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn ẹ̀ o. Níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, òkèlè méjì péré ni wọ́n fi jẹ ẹ̀fọ́ tí wọ́n lọ edé sí. Kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ètè wọn ti wú, ọ̀nà ọ̀fun ti ń dí. Ọpẹ́lọpẹ́ ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà. Mo wá ń gbọ́ pé kò sóúnjẹ Bahia tí edé ò sí. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni wọ́n lè jẹ? Níbo ni èmi ti lè rí àkàrà gidi?

Àdùkẹ́ Arìnrìnàjò:

Mo gbé Salvador fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ìlú tí orúkọ oúnjẹ ti máa ń tan Yorùbá jẹ ni.

Acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà: “àkàrà” àti “jẹ” ló di ọ̀kan. Ẹ̀wà olójú dúdú tiwa náà ni. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi àlùbọ́sà àti iyọ̀ sí i, àmọ́ wọn kì í lọ ata mọ́ ọn. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n ń pè é ní dendê, orúkọ tó bá àwọn ará Àǹgólà wá. Ó tóbi tó ìkúùkù ọkùnrin. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á là á láàárín, wọ́n á ki vatapá sí i: búrẹ́dì, omi àgbọn, ẹ̀pà, kajú, edé lílọ̀ àti epo, gbogbo ẹ̀ tí wọ́n rò pọ̀. Wọ́n á fi caruru lé e, ìyẹn ilá, edé wà nínú òun náà. Tòmátò gígé tẹ̀ lé e, wọ́n á wá to edé gbígbẹ sójú ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni edé wọ̀ ọ́ kó tó dọ́wọ́ yín.

Abará ni ọ̀ọ̀lẹ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń pọ́n ọn. Edé ti wà nínú ẹ̀wà ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti ń po ó, torí náà kò ṣeé ṣà kúrò. Efó ni ẹ̀fọ́, edé àti ẹ̀pà wà nínú òun náà.

Èyí tó dùn mí jù ni amalá. Ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀ ní kí n wá jẹ amalá nílé àwọn ní Ọjọ́rú. Mi ò fẹnu kan nǹkan látàárọ̀. Wọ́n gbé e dé, mo ṣí i, ilá ni! Ilá, epo, edé, kò sí ẹ̀lùbọ́ kankan nítòsí. Oúnjẹ Ṣàngó ni, Ọjọ́rú sì ni ọjọ́ Ṣàngó lọ́dọ̀ wọn. Ọwọ́ tí mo ti fọ̀ sílẹ̀ de òkèlè, ara aṣọ ni mo nù ún sí.

Nọ́ọ̀sì Ìlọrin:

Ọmọ Alákàrà, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi. Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ ti dí rí kò gbọdọ̀ jẹ acarajé rárá, kódà bí wọn ò ki nǹkan kan sí i. Ẹ má ní kí wọ́n “bá yín yọ edé kúrò.” Ọwọ́ tó mú edé náà ló ń mú àkàrà, ṣíbí kan náà ló ń wọ inú gbogbo abọ́ yẹn.

Kí wọ́n lọ rí dókítà kí ẹ tó gbéra, kí wọ́n béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n ní abẹ́rẹ́ adrenaline lọ́wọ́, ìyẹn abẹ́rẹ́ pàjáwìrì tí wọ́n ń gún nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun bá ń dí báyìí. Èyíkéyìí tí dókítà bá fún wọn, àpò tó wà lára wọn ni kó máa wà, kì í ṣe inú ẹrù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ kọ èyí sínú ìwé lédè Pọtogí, kó hàn gàgàrà: *Tenho alergia grave a camarão. Não posso comer nada com camarão.* Camarão ni edé. Wọ́n á fi han ẹni tó ń se oúnjẹ gan-an, kì í ṣe ẹni tó ń gbé àwo nìkan. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe ọkọ̀ àwọn aláìsàn ní Bràsíìlì ni 192.

Ìyá Ìbejì Ọ̀tà:

Gbogbo wàhálà yìí! Ẹ di gàrí Ìjẹ̀bú àti kúlíkúlí sínú báàgì. Ó tán.

Àdùkẹ́ Arìnrìnàjò:

Ìyá Ìbejì, wọ́n ní farinha níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ yíyan ni, bíi gàrí, àmọ́ kò kan. Wọ́n máa ń da á sínú omi ẹja gbígbóná, wọ́n á rò ó, wọ́n ń pè é ní pirão. Ẹ̀bà tó ti gba ọbẹ̀ sára ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ojú ilé ro mí.

Ẹ̀yin gan-an lẹ sì yẹ kẹ́ ẹ lọ. Ní 27 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n máa ń se caruru fún Cosme àti Damião, ìyẹn Ìbejì. Ọmọ méje ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bù fún kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ Alákàrà, bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí àárín ọjọ́ mẹ́sàn-án yín, wọ́n lè pè yín wọlé ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí. Ẹ lọ, àmọ́ kí ọkọ yín jẹun yó látilé. Níbi oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni ojú ti máa ń tini láti béèrè pé kí ló wà nínú ẹ̀.

Bàbá Ajíhìnrere:

Ọmọ mi, ṣọ́ra o. Oúnjẹ òrìṣà nìyẹn. Kò sí ohun tí à ń wá lọ síbẹ̀.

Àdùkẹ́ Arìnrìnàjò:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Òótọ́ ni pé àkàrà jẹ́ ti Ọya lọ́dọ̀ wọn, Iansã ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ àwọn baiana, ìyẹn àwọn obìnrin Bahia tó ń dín in, ló sì ń wọ aṣọ funfun pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà ni wọ́n ń tà lójú títì. Ìjọba Bràsíìlì kọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún orílẹ̀-èdè ní 2005. Bí ọkàn yín kò bá gbà á, àwọn àtúnbí náà ń dín tiwọn níbẹ̀, wọ́n ń pè é ní bolinho de Jesus, àkàrà Jésù. Ẹ̀wà kan náà, epo kan náà, edé kan náà.

Alábòójútó:

A ti gbọ́ ti ẹ̀sìn. Ẹ jẹ́ ká padà sórí oúnjẹ.

Ọmọ Pópó Àgùdà:

Ẹ má gbàgbé pé tiwọn náà wà lọ́dọ̀ wa l'Ékòó. Fréjọ̀nù tí à ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, àwọn Àgùdà tó padà dé láti Bràsíìlì ló gbé e wá. Feijão de leite lorúkọ ẹ̀ ní Bahia. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni wọ́n máa ń sè é jù, kò dájú pé ẹ máa rí i ní oṣù Kẹsàn-án, àmọ́ ẹ béèrè. Ìyá àgbà mi kì í fi edé sí tiwa.

Ọmọ Alákàrà:

Ẹ ṣé gan-an ni. Àǹtí Àdùkẹ́, níbo wá ni kí n lọ, kí sì ni ọkọ mi máa jẹ?

Àdùkẹ́ Arìnrìnàjò:

Rio Vermelho, ní Largo de Santana. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ. Tiwa ti àárọ̀ ni, pẹ̀lú ògì, tiwọn ti ìrọ̀lẹ́ ni, pẹ̀lú bíà. Baiana máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ ní *quente*, ìyẹn gbígbóná. Kì í ṣe ti iná ló ń wí, ata ló ń bèèrè. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, torí mi ò fẹ́ àkàrà tútù. Ata náà kì í ṣe eré o, bí mo ṣe jẹ́ ọmọ Yorùbá tó.

Ẹ lọ sí ọjà São Joaquim láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ máa rí epo nínú ìgò, ilá, ẹ̀wà, edé lókìtì-lókìtì. Kí ọkọ yín má bá yín lọ síbẹ̀.

Ní ti wọn, beiju ló dáa: ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n yan pẹlẹbẹ lórí páànù, tí wọ́n fi wàràkàṣì tàbí àgbọn há láàárín. Ẹran gbígbẹ carne do sol pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ sísè, aipim, náà wà. Àwọn ilé oúnjẹ tó ń fi òṣùwọ̀n ta oúnjẹ pọ̀, *comida a quilo*: ẹ máa fojú ara yín rí ìrẹsì, ẹ̀wà, adìyẹ sísun, ẹ ó bù ú fúnra yín, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Síbẹ̀, ẹ fi ìwé yẹn hàn wọ́n, ẹ sì wo ṣíbí dáadáa. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ẹ ṣọ́ra lọ́nà méjì, torí ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń se oúnjẹ elépo.

Ọmọ Alákàrà:

A ti dé o, àlàáfíà la sì bá dé. Ẹ máà bínú pé ó pẹ́.

Ọkọ mi jẹ beiju títí wọ́n fi ní kí n má pe orúkọ ẹ̀ mọ́. Ilé oúnjẹ kan wà tí wọ́n ka ìwé wa, tí alásè jáde wá fúnra ẹ̀, ó mi orí, ó ní ká máa lọ ibòmíràn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò kúrò nínú àpò.

Èmi jẹ acarajé lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹta, mo bẹ baiana kan kí ó jẹ́ kí n pe ìyá mi lórí fídíò. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni níbẹ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ n'Ìbàdàn. Màámi ti wọṣọ oorun. Ìyá yẹn gbé ìkòkò sún mọ́ fóònù, ó fi ṣíbí igi gbọọrọ po ẹ̀wà náà, ó ń lù ú, ó ń yí i. Màámi ò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ó mọ̀ ọ́n po. Wò ó bó ṣe ń wú.” Mo fi ọwọ́ ṣàlàyé fún ìyá náà, ó rẹ́rìn-ín títí.

Ó wá kó o jáde nínú epo, ó mú ọ̀bẹ, ó là á sí méjì. Bí màámi ṣe pariwo nìyẹn: “Kí ló dé tó ń là á? Ṣé kò jinná ni?”