Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí àwọn tí ìjì Idai bà nílé jẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà lára àwọn tó ń ṣèrànwọ́ ní Buzi, nítòsí Beira ní Mòsáńbíìkì, níbi tí ìjì Idai ti jà ní oṣù kẹta ọdún 2019 yìí, tí odò sì kún bo ilé mọ́lẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n béèrè ohun táwọn ará abúlé nílò. Baálẹ̀ ní tapólín àti ìrẹsì ni. Àmọ́ ìyá àgbà kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó la àtẹ́lẹwọ́: kóró àgbàdo tó ti jẹrà. Ògbufọ̀ ní, “Irúgbìn ló ń wá.” Ó dùn mí gan-an. Àwọn obìnrin kì í sọ̀rọ̀ níwájú baálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè gbọ́ tẹnu wọn láì rí baálẹ̀ fín? Ṣé ilé dé ilé ni? Kọ́lẹ́rà ti wọ Beira, àkókò ò sí.