Pléètì ẹsẹ̀ tánkì: ṣé 6 mm tó, àbí kí n ra 12?

Wẹ́dà Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Oníbàárà mi fẹ́ gbé tánkì lítà 2,000 sókè ní mítà 6. Angle iron (irin tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L) 75 × 75 × 6 mm ni mo fi ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pléètì tí n óò jó mọ́ ìsàlẹ̀, tí bóòtù M16 (èyí tó nípọn tó 16 mm) mẹ́rin-mẹ́rin á dì mọ́ kọnkéré, ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Lọ́dún tó kọjá, 4 mm ni mo lò, bóòtù méjì péré, ní igun lọ́hùn-ún. Ìjì jà nígbà tí tánkì ṣófo. Kò ṣubú, ṣùgbọ́n etí pléètì kan ká sókè débi pé ìka mi wọ abẹ́ rẹ̀. Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó yẹ? Ṣé bí pléètì bá nípọn, wẹ́dìn náà á tóbi ni?

Ọ̀gá Onírin: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Èmi ò lo ohun tó kéré sí 12 rí. Èyí tó fẹ́lẹ́ á ti ká nínú iná. Gbé e sílẹ̀, wàá rí i tó ń mì bí ìkòkò tí kò jókòó sórí ààrò. Jó díẹ̀ níhìn-ín, bọ́ sí òdìkejì, jẹ́ kó tutù. Ha ìpẹtà kúrò kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹnjiníà: Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ iná yẹn, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ká pléètì náà. Omi yẹn jẹ́ tọ́ọ̀nù 2, ìdajì tọ́ọ̀nù fún ẹsẹ̀ kan. Ńṣe ló ń tẹ pléètì mọ́lẹ̀, ìyẹn kì í ká a sókè. Ìgbà tí tánkì bá ṣófo tí afẹ́fẹ́ gbá a ni ẹsẹ̀ máa ń fẹ́ tu: ẹsẹ̀ ń fa àárín pléètì sókè, bóòtù di etí mú. Bí bóòtù bá jìnnà sí ẹsẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ohun tó ń ká pléètì di ìlọ́po méjì. Bí pléètì sì nípọn sí i láti 4 sí 8, agbára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà 10 mm tí bóòtù rẹ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ wù mí ju 12 tí bóòtù wà ní igun lọ. Ihò 18 mm, kí àárín rẹ̀ fi nǹkan bí 30 mm jìnnà sí etí. Dírílì ni kẹ́ ẹ fi lu ú, kì í ṣe iná.

Ní ti wẹ́dìn, irin tó fẹ́lẹ́ jù ni kẹ́ ẹ máa wò. Angle iron yín jẹ́ 6; wẹ́dìn 5 mm yíká tó. Ọ̀fun rẹ̀, ìyẹn ibi tó fẹ́lẹ́ jù nínú wẹ́dìn, ò ju 3.5 mm lọ, torí náà kó má ní ihò rárá. Bẹ́ ẹ bá sọ wẹ́dìn di 10 mm, iná á kàn jẹ angle iron ni.

Ìyá Oníwẹ́dìn: Ẹ mú vernier, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí irin ṣe nípọn tó, lọ sọ́jà. Ohun tí wọ́n kọ sára pléètì kọ́ lẹ ó máa rí.

Wẹ́dà Ìbàdàn: Mo dúpẹ́ gan-an. “10” àkọ́kọ́ tí mo wọ̀n jẹ́ 8.6! Mo dá a padà, mo rí 9.8 níbòmíì. Mo ti sàmì ihò: àyè tí mo fi sílẹ̀ láàárín bóòtù àti ẹsẹ̀ ò ju kí sípánà rí ibi yí lọ.