Ǹjẹ́ ẹni tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì nílé lè yí àdírẹ́ẹ̀sì IP ìta rẹ̀ (nọ́ńbà tí àwọn ìkànnì fi ń dá a mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Kubwa ní Àbújá ni mo ń gbé. Ó di ọjọ́ kẹta tí ìkànnì tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti ń lé mi padà, tí wọ́n ní àwọn ti dí àdírẹ́ẹ̀sì IP mi, bẹ́ẹ̀ n kò rú òfin wọn kankan. Mo pa router (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé) fún odidi wákàtí kan (iná ọba náà tilẹ̀ bá mi pa á lóru), nọ́ńbà àná náà ló tún gbé wá.

Ohun tó rú mi lójú jù ni pé 100.72 ni nọ́ńbà tí mo rí nínú router fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn ìkànnì ń rí sì yàtọ̀ pátápátá. Mo kà á pé láti 100.64 dé 100.127 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ kí ọ̀pọ̀ oníbàárà lè máa pín àdírẹ́ẹ̀sì ìta kan lò. Àbí ẹ̀ṣẹ̀ aládùúgbò ni mo ń jìyà rẹ̀ ni?

Ǹjẹ́ ohun kan wà tí mo lè ṣe fúnra mi, àbí àfi kí n lọ bẹ ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún mi kí wọ́n fún mi ní tèmi lọ́tọ̀? Ìkànnì náà kì í gba VPN (ohun tó ń gbé èèyàn gba orí kọ̀ǹpútà mìíràn kí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ má baà hàn).