Ìgò ni àbí ike, fún ìwúkàrà búrẹ́dì?

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan búrẹ́dì nílé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ooru Ìjẹ̀bú-Òde yìí kì í jẹ́ kí ìwúkàrà (fúláwà àti omi tí a pò, tó ti kan, tí a fi ń mú búrẹ́dì wú) pẹ́: bí mo bá po gíráàmù 20 ti àná mọ́ gíráàmù 100 fúláwà tuntun àti gíráàmù 100 omi lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti wú, ó ti wálẹ̀, ó kan ju gàrí wa lọ. Ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò oní-lítà kan ló wù mí. Ẹ ó rí bó ṣe ń ga, ẹ fi rọ́bà sàmì sí i lára. Ṣùgbọ́n bí ọmọrí bá le pinpin, gáàsì tó ń jáde lára ìwúkàrà lè fọ́ ọ. Ike kì í fọ́, àmọ́ tó bá ti họ nínú, òórùn ò ní kúrò níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí kò bá síná fún fíríìjì, ṣé kúlà pẹ̀lú ike omi dídì kan lè mú un dúró ní nǹkan bíi 25°C? Àbí kí n kàn dín ti àná kù sí gíráàmù 5?