Hẹ́ẹ̀dsẹ́ẹ̀tì wo ló dáa fún PS4 (ẹ̀rọ géèmù PlayStation 4)?

ỌmọTáńkẹ̀: Ẹ jọ̀ọ́ ará Ìlọrin, màmá mi ò lè sùn mọ́ tí mo bá ń gbá géèmù lóru. Mo ra oní Bluetooth kan ní Taiwo, ó mú fóònù dáadáa, PS4 ò tiẹ̀ dá a lóhùn. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

AráỌ̀fà: Rárá o àbúrò, PS4 kì í gba Bluetooth fún ohùn, PS5 gan-an ò gbà á. Ra oníwáyà, kó o fi wáyà ẹ̀ bọ ihò ìsàlẹ̀ páàdì, àmọ́ wo ẹnu wáyà yẹn dáadáa o, òrùka dúdú mẹ́ta ni kó ní, tó bá jẹ́ méjì wàá gbọ́ àwọn tẹ́ ẹ jọ ń gbá géèmù, wọn ò ní gbọ́ ẹ. Kó o wá yan All Audio nínú Settings, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màmá á ṣì máa gbọ́ ariwo ẹ lórí tẹlifíṣọ̀n 😂

ÀǹtíGéèmù: Má ra aláwọ o! Tèmi bó nínú ooru yìí, gbogbo ẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi létí dúdú dúdú.

ỌmọTáńkẹ̀: Háà, ẹ ṣé o. Ṣé wọ́n á gba ti Bluetooth yìí padà báyìí?

AráỌ̀fà: Ní Taiwo? 😂 Máa fi gbọ́ orin.